Sẹ́ẹ̀lì Tó Wà ní Igun Òsì

Lọ́jọ́ tí yunifásítì ṣe ìdágbére ìfẹ̀yìntì fún Ọ̀gá mi, ọkùnrin kan tí táì fún lọ́rùn dìde, ó sì ka ìtàn ìgbésí ayé wọn fún bíi wákàtí kan. Ó ka oyè, ó ka ọdún, ó ka iye ìwé. Kò sí irọ́ nínú ohun tó kà. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Èmi tí mo mọ ohun náà jókòó sẹ́yìn, báàgì mi wà lórí itan, mo pa ẹnu mi dé. Ó tún tó ọdún mẹ́wàá sí i kí n tó sọ ọ́. Bí mo ṣe fẹ́ máa sọ ọ́ lọ yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ní kí n ṣe sùúrù. Mo ti ṣe sùúrù fún ọdún méjìdínlógójì, ẹ̀yin náà ẹ wo ibi tó gbé mi dé.

Iṣẹ́ Ọ̀gá ni sẹ́ẹ̀lì. Ẹ mú ara ènìyàn, tàbí ti eku, tàbí ewé lásán, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́ títí ojú ò fi ní rí i mọ́. Èyí tó bá kéré jù lọ tó ṣì ń jẹun, tó ṣì ń dàgbà, tó sì ń di méjì fúnra rẹ̀, òun ni sẹ́ẹ̀lì. Ọdún méjìdínlógún ni Ọ̀gá fi wo ìfun eku nìkan. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú ìfun ń kú lójoojúmọ́, òmíràn sì ń bọ́ sípò rẹ̀, láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin gbogbo rẹ̀ ti di tuntun, síbẹ̀ ìfun ò lu. Ọ̀gá fẹ́ mọ ẹni tó ń sọ fún èyí tó ń bọ̀ pé àyè ti ṣí. Wọ́n rí díẹ̀ nínú ìdáhùn náà. Àwọn kan níbòmíràn rí ìyókù ṣáájú wọn, orúkọ àwọn yẹn ló sì wà lẹ́nu aráyé. Mo bínú nítorí ọ̀rọ̀ náà fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀gá ní ṣebí a ti wá mọ̀ ọ́n báyìí, kí ni mo tún ń fajú ro sí.

Èmi ni mo máa ń gé ìfun yẹn. Ẹni ọdún méjìlélógún ni mí nígbà tí mo dé láàbù wọn, Ọ̀gá sì jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, wọ́n tínínrín bí òpó iná. Èmi ni mo ń gé ẹran tín-ín-rín, tí mo ń tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, tí mo wá ń rì í sínú aró, torí sẹ́ẹ̀lì tí a ò bá pa láró, bí omi lásán ló rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Aró yẹn kì í ṣí lọ́wọ́. Ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ní àwọ̀ àlùkò. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ pè mí ní Aláró, gbogbo ayé sì gbà á lẹ́nu wọn, débi pé tí ẹnì kan bá pe orúkọ tí bàbá mi sọ mí, mo máa ń wẹ̀yìn wò.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ràn Ọ̀gá náà, kì í ṣe bí ẹ ṣe ń rò ó yẹn o. Bí ènìyàn ṣe ń fẹ́ràn ẹni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń fojú wo nǹkan ni. Àmọ́ ẹnu wọn mú. Tí gíláàsì bá dáa, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Tó bá bàjẹ́, ẹni tó ń kọjá lójú títì á gbọ́.

Ìwé ńlá tí gbogbo ènìyàn mọ Ọ̀gá mọ́, Àǹtí ló bí i. Àǹtí ni mò ń pe ìyàwó Ọ̀gá. Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n, wọ́n sanra díẹ̀, wọ́n sì lẹ́rìn-ín lẹ́nu. Orí tábìlì ìjẹun ni wọ́n ti kọ ìwé náà. Ọ̀gá á máa sọ ọ́ lẹ́nu, Àǹtí á máa tẹ̀ ẹ́ lórí taipuráítà, èmi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá máa to àwòrán. Ní gbogbo ìlà mẹ́ta mẹ́ta ni taipuráítà máa ń dákẹ́.

“Kí ni èyí túmọ̀ sí?” Àǹtí á bi wọ́n.

“Ó máa yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́.”

“Kò yé èmi. Tí kò bá ti yé mi, ẹ ò tíì kọ ọ́ nìyẹn.”

Ọ̀gá á fapá jánú, wọ́n á rìn yí tábìlì po, wọ́n á sì tún un sọ bí ènìyàn gidi ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìdí tí ìwé náà fi tà nìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní bí ẹni pé ẹnì kan jókòó tì wọ́n ló ń sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n sọ Ọ̀gá di Bàbá Sẹ́ẹ̀lì. Orúkọ Àǹtí wà nínú ìlà ìdúpẹ́ kan ṣoṣo níwájú ìwé. Àǹtí máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. “Ẹgbẹ̀ta ojú ewé ni mo tẹ̀,” wọ́n á wí, “ìlà kan ni mo jẹ.”

Nígbà tí ìwé náà fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kejì, àwọn atẹ̀wé ní àwọn ń fẹ́ fọ́tò gidi, kì í ṣe àwòrán ọwọ́ mọ́. Orí kẹsàn-án dá lórí ẹ̀jẹ̀. A ní láti ya ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí ara rẹ̀ le, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ bí ẹ̀jẹ̀ tó dáa ṣe ń rí. Ní láàbù tiwa, tí a bá nílò ẹ̀jẹ̀ tó dáa, a kì í wá a lọ síbì kankan. Ẹni tó bá wà nítòsí ló máa na ìka. Gbogbo láàbù tí mo mọ̀ nígbà náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọ́kọ́ yẹ ara ẹni náà wò. Ó ń rìn, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ le nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ti ba gíláàsì ogójì jẹ́. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ni. Mi ò po aró náà dáadáa, gbogbo ìfun náà ṣókùnkùn bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ọ̀gá gbé ọ̀kan sókè sójú iná níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà, wọ́n ní, “Aláró, ọwọ́ rẹ ti ń bàjẹ́. Tó o bá ti rẹ̀ ẹ́, sọ fún mi kí n wá ẹlòmíràn.” Mo lọ sunkún sínú yàrá tí a ń kó ìgò sí. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí, mò ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́rú, Àǹtí mú orí kẹsàn-án wá nínú àpò ìwé. Òtútù mú èmi, Ọ̀gá náà sì ń lo oògùn lọ́wọ́. Àǹtí na ìka wọn sí mi. “Ẹ gba tèmi,” wọ́n wí, “kí èmi náà lè wọnú ìwé tí mo tẹ̀ yìí.” Mo gún ìka wọn, wọ́n ní kí n má ṣe bí ẹni tó ń gún ọ̀tá. Mo tẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà sórí gíláàsì, mo pa á láró, mo gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù.

Sẹ́ẹ̀lì funfun pọ̀ jù. Ẹ̀jẹ̀ tó dáa, pupa ló kún inú rẹ̀, ẹ máa rí funfun kan níbí, òmíràn lọ́hùn-ún. Èyí pọ̀ jù. Àwọn kan sì wà láàárín wọn tí wọ́n rí bákan, bí ọmọ tí kò tíì tó jáde nílé tí ẹ bá pàdé lójú títì. Inú mùdùnmúdùn eegun ló yẹ kí irú wọn wà, títí wọ́n á fi dàgbà. Mo rí i. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n purọ́, mo rí i. Ohun tó sì wá sí mi lọ́kàn ni pé, áà, aró ti tún bàjẹ́ o.

Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ yìí rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Nínú iṣẹ́ tiwa, tí ohun tí a rí kò bá jọ ohun tí a ń retí, aró la kọ́kọ́ máa ń fura sí, lẹ́yìn náà ọwọ́ ara wa. Ẹ̀jẹ̀ la máa ń fura sí gbẹ̀yìn. Mo da gíláàsì náà nù. Mo tẹ́ òmíràn. Bákan náà ló rí. Mo po aró tuntun. Bákan náà. Gíláàsì méje ni mo dà sínú garawa ìdọ̀tí lọ́jọ́ náà, yàrá Ọ̀gá ò sì ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ibi tí mo dúró sí. Mi ò pè wọ́n. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Làpálàpá ni mo ń pa.

Lórí ìkẹjọ, mo tẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo wá etí rẹ̀ títí mo fi rí ibì kan tó mọ́, funfun méjì péré láàárín pupa. Mo pe Ọ̀gá. Wọ́n wò ó, wọ́n yà á. Wọ́n ní, “Èyí dáa.” Inú mi dùn débi pé mo kọrin lọ sílé. Sẹ́ẹ̀lì funfun kan wà ní igun òsì fọ́tò náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ síta. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ tí kò tíì tó jáde ni.

Ọdún mẹ́ta kọjá kí ara Àǹtí tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó kàn ń rẹ̀ wọ́n ni. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbẹ́ òsì ikùn wọn wú, tí wọ́n fi ń tú ìgbátí síkẹ́ẹ̀tì wọn. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn ń kí wọn kú oríire, wọ́n rò pé oyún ni. Èmi náà kí wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà tó mọ̀ ọ́n, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Mo wà ní kọ́rídọ̀ pẹ̀lú fíláásì tíì lọ́wọ́, ilẹ̀kùn ò pa dé. Mo gbọ́ tí dókítà ń sọ fún Ọ̀gá pé ó ti pẹ́ nínú ara wọn, ó ti tó ọdún mẹ́rin, ká ní wọ́n rí i nígbà tó ṣì ń rọra lọ, ohun tí àwọn ì bá gbìyànjú wà.

Gíláàsì méje yẹn tò síwájú mi bí mo ṣe dúró síbẹ̀. Mo gbé tíì wọlé, mo bù ú fún wọn, mi ò sọ nǹkan kan.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Àǹtí lọ. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó di aṣọ mi mú níbi ìsìnkú, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan òun. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fẹ̀gún sọ́wọ́. Èmi ni ọmọ náà di mú.

Ọ̀gá ò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n pa iṣẹ́ ìfun eku tì, ó kàn di pé wọn ò béèrè gíláàsì mọ́. Ìwé náà ló ṣẹ́ kù. Wọ́n ń tún un ṣe ní gbogbo ọdún márùn-ún, mẹ́fà. Gbogbo àwòrán inú rẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀, àfi èyí kan. Àwọn atẹ̀wé bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní fọ́tò aláwọ̀ tó dáa jù ú lọ wà. Ọ̀gá ní rárá o, èyí ò ní í kúrò. Ní gbogbo ọdún, ní kíláàsì, wọ́n á ní kí n gbé e sára ògiri pẹ̀lú ẹ̀rọ, á fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, wọ́n á dúró níwájú rẹ̀, wọ́n á ní, “Ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹ̀jẹ̀ tó dá ṣáṣá ṣe ń rí nìyí.” Ohùn wọn á rọ̀. Èmi á jókòó lẹ́yìn ẹ̀rọ, màá máa wo igun òsì. Ẹ ní báwo ni Ọ̀gá, tí sẹ́ẹ̀lì jẹ́ iṣẹ́ wọn, kò ṣe rí i? Ìfun ni wọ́n mọ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Àti pé ta ló ń wá àìsàn kiri nínú fọ́tò ìyàwó rẹ̀?

Lẹ́yìn tí àwa méjèèjì fẹ̀yìn tì, ojú Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Mò ń lọ sọ́dọ̀ wọn ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti ka lẹ́tà fún wọn, kí n sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ. Èmi ò lọ́kọ, mi ò bímọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ní. Kí ẹ mọ ìyẹn, kó lè yé yín ìdí tí mi ò fi tètè sọ̀rọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí a ń tún ìwé náà ṣe lẹ́ẹ̀keje, lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹ̀jẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Ó kí Ọ̀gá, ó ní ìwé wọn ló jẹ́ kí òun yan iṣẹ́ náà. Ó wá ní, ẹ forí jì mí sà, sẹ́ẹ̀lì tó wà ní igun òsì àwòrán orí kẹsàn-án, ó dà bí ẹni pé kò tíì dàgbà. Ojú mi ti sáré dé ìlà tó kù. Mo lè gbé e mì. Ọ̀gá ò lè ka lẹ́tà fúnra wọn mọ́. Ẹnu mi kà á: “Bí ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ náà bá ṣì wà láàyè, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí wọ́n sọ fún un kó lọ rí dókítà.”

Ọ̀gá ní kí n mú awò amú-nǹkan-tóbi wọn wá. Wọ́n tẹ̀ mọ́ ojú ewé náà fún ìgbà pípẹ́, imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọn ò ti jẹun dáadáa mọ́. Ọmọbìnrin wọn fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá, ó pè mí lórí fóònù. “Màmá Aláró, wọ́n ní àwọn ló pa màmá mi. Wọ́n ní ojú àwọn ló wà lára rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin tí àwọn ò rí i. Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tiyín.”

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ti kọjá ogún. Tí mo bá sọ ọ́, mo ti pàdánù wọn. Tí mi ò bá sọ ọ́, arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún yìí á dá nìkan gbé e wọ ilẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo yí padà lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà, mo sì tún kọrí síbẹ̀.

Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìwé náà wà lórí itan wọn.

“Ọ̀gá, èmi náà rí i,” mo wí.

“O rí kí ni?”

“Lọ́jọ́ tí a gba ẹ̀jẹ̀ Àǹtí. Gíláàsì méje ni mo dà nù kí n tó pè yín. Funfun pọ̀ nínú wọn. Mo rò pé aró ló bàjẹ́.”

“Méjèèje?”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà.”

“Aró kì í bàjẹ́ lẹ́ẹ̀méje, Aláró.”

“Mo mọ̀ sà.”

“Kí ló dé tó ò pè mí?”

“Ẹ ti sọ lọ́jọ́ Ajé pé ọwọ́ mi ti ń bàjẹ́. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ tún sọ ọ́.”

Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà bà wọ́n. Wọ́n wá béèrè ìgbà tí mo mọ̀ pé kì í ṣe aró. Mo ní lọ́jọ́ tí dókítà sọ̀rọ̀ ni.

“Ó ṣì wà láàyè nígbà yẹn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà. Oṣù mẹ́ta ló kù.”

Ojú mi ń ṣomi. Ojú tiwọn gbẹ. Wọ́n ní kí n mú bírò. “Orí kẹsàn-án,” wọ́n wí, “ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán. Kọ ọ́.” Mo dúró kí wọ́n sọ ọ́ fún mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní, “Ìwọ lo kọ́kọ́ rí i. Ìwọ ni kó o kọ ọ́.”

Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo ti bá wọn ṣiṣẹ́, mi ò kọ ìlà kan sínú ìwé yẹn rí. Ohun tí mo kọ nìyí: “Ẹ̀jẹ̀ obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ara rẹ̀ ò yá, kò sì mọ̀. Wo igun òsì: sẹ́ẹ̀lì funfun tí kò tíì dàgbà ni. Bí o bá rí irú rẹ̀, má dá aró lẹ́bi. Pe ẹnì kan.”

Mo kà á fún wọn. Wọ́n ní kí n tún un kà. Àwọn tí kì í jẹ́ kí gbólóhùn ẹnikẹ́ni kọjá láì fi gègé sí i, wọn ò yọ ọ̀rọ̀ kan. “Ó dáa,” wọ́n wí. “Fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé.” Mo dìde. Mo ti di báàgì mi mú nígbà tí wọ́n tún ní, “Má wulẹ̀ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

“Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́, sà?”

Wọ́n kọjú sí fèrèsé.

Oṣù mẹ́jọ nìyí. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń jẹun. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin wọn kan ilẹ̀kùn mi, ìwé tuntun náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò jókòó. Ó ṣí orí kẹsàn-án fún mi, a jọ kà á lórí ìdúró, ọwọ́ rẹ̀ ò kan tèmi. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, mo bi í bóyá bàbá rẹ̀ ló ní kó mú un wá fún mi.

“Rárá, Màmá,” ó wí. “Wọn ò mọ̀ pé mo wá.”